Ẹ Wo Abẹ́ Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Wo Ojú Rẹ̀

Yìnyín tí a mọ̀ ní Àbújá kò ju èyí tó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ jábọ́ sórí páànù, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí wọ́n ń dà sórí yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti wọ Àbújá tipẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra pikọ́ọ̀pù àlòkù, ó yẹ kó mọ bí iyọ̀ náà ṣe débẹ̀ àti ohun tó ń fi irin ṣe.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi New York, Michigan, Ohio àti Massachusetts, yìnyín lè bọ́ mọ́jú kó sì ga dé orúnkún. Ẹni tí yìnyín bá dí ojúde rẹ̀ kò lè gbé ọkọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń de irin pẹlẹbẹ gbàgàdà kan mọ́ imú pikọ́ọ̀pù wọn, tí wọ́n á máa fi ti yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láti ojúde kan bọ́ sí òmíràn. Iṣẹ́ owó ni fún ọ̀pọ̀ wọn nígbà òtútù. Irin yẹn nìkan lè wúwo tó 300 kílò. Ẹ fojú inú wo àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà tí ẹ so kọ́ imú ọkọ̀, tí ọkọ̀ wá ń gbé e sókè sódò, tó ń sáré síwájú, tó tún ń padà sẹ́yìn, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìjọba wọn náà a máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, nítorí omi iyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Táyà á fọ́n omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀, omi á wọ inú ihò ṣáásì, iyọ̀ á sì jókòó síbẹ̀. Omi lásán náà ń mú irin dógùn-ún, àmọ́ omi iyọ̀ yára jù ú lọ níbi ká jẹ irin.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti gbó, tí olówó rẹ̀ rí i pé owó àtúnṣe ti fẹ́ ju iye ọkọ̀ lọ, á gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo. Àwọn oníṣòwò tiwa ń dúró níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e wá sí Èkó tàbí Kútọnu. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Nàìjíríà mọ̀ pé òfin ní tirẹ̀, ẹnubodè ní tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Àbújá, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti kùn ún, ó ti ń dán gbinrin. Kò sí ẹni tó máa sọ fún yín pé ó ti ti yìnyín rí. Ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ lè má mọ̀.

Kí ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó ń ru iṣu láti Abaji wá sí Kubwa ń fẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn tó le. Ẹni tó ń sin adìyẹ ní Kuje, tí ọ̀nà oko rẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ pupa nígbà òjò, ń fẹ́ ọkọ̀ tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ra. Ẹni tó kàn ń kó páànù láti Dei-Dei lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lórí ọ̀dà kò nílò ìyẹn, owó tó máa ná lé e lórí ṣòfò ni. Ẹ ronú epo pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà kan tí kò tó 200 náírà di 537 ní Àbújá láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún yẹn, ó ti di 617. Ẹni tó bá ra pikọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà onísílíńdà mẹ́jọ láti máa fi ru tòmátì, epo ló máa jẹ èrè tòmátì.

Hilux ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà káàkiri, kò sì sí mẹkáníìkì ní Apo tí kò mọ̀ ọ́n tú. Ṣùgbọ́n Toyota kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà. Tacoma ni wọ́n ń tà fún wọn níbẹ̀ láti 1995. Nítorí náà, bí alágbàtà bá nawọ́ sí Hilux kan tó ní, "Màmá, tààrà láti Amẹ́ríkà lèyí ti dé," ẹ rọra bi í pé ìpínlẹ̀ wo. Ó lè jẹ́ Yúróòpù ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà bákan náà. Ó lè jẹ́ Dubai, níbi tí oòrùn ti ń sá rọ́bà àti pílásítíìkì títí tí wọ́n á fi là, ṣùgbọ́n tí kò sí yìnyín tí ẹnikẹ́ni á da iyọ̀ sí. Ó sì lè jẹ́ ní Nàìjíríà níbí náà ni wọ́n ti lò ó látilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ṣáásì wàyí. Irin gígùn méjì ni, láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, tí wọ́n fi irin mìíràn dábùú wọn. Orí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, bọ́dì àti ibi ẹrù jókòó lé. Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, a lè ra òmíràn. Jíà kú, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣáásì tó bá ti jẹrà, kò sí ohun tí wẹ́dà máa rí jó mọ́ ara rẹ̀, nítorí irin tuntun ń fẹ́ irin tó yè láti dì mú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2008, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn Tacoma tí wọ́n ṣe láti 1995 dé 2000 padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìpáàrà ti jẹ ṣáásì wọn. Lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹjọ́, ilé iṣẹ́ náà tún gbà láti ná owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là lórí ṣáásì Tacoma ti 2005 sí 2010, Tundra ti 2007 àti 2008, àti Sequoia ti 2005 sí 2008. Ẹ fi àwọn ọdún wọ̀nyí sọ́kàn bí ẹ bá ń rìn láàárín ọkọ̀ tí wọ́n ń tà.

Bí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀, ẹ wọ aṣọ tí kò ní dùn yín. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré àti òòfà dání. Òòfà tó wà lẹ́yìn ògbólógbòó sípíkà ti tó. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ sùn lé e, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ tanná sí òkè ibi tí sípíà táyà so kọ́, àti ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásì, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ oníyọ̀ máa ń dì sí jù. Ẹ wá fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe ń bọ̀ síwájú. Irin tó yè á dún gan-un gan-un. Èyí tó ti kú á dún pò, ìpáàrà á sì máa bó sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sí yín láyà. Bí ẹnu òòlù bá wọlé pẹ́nrẹ́n, ẹ jáde, ẹ gbọn aṣọ yín, ẹ dágbére fún onítọ̀hún.

Ìpáàrà pupa tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú irin kì í ṣe ohun tí à ń torí rẹ̀ sá. Ẹ fi ìka ra á, bí irin tó wà nísàlẹ̀ bá ṣì dán tó sì le, kò burú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀dà dúdú. Bí wọ́n bá ti kun abẹ́ ọkọ̀ dúdú minijọ, tí ọ̀dà náà tuntun, tó tiẹ̀ kan ara bóòtù àti páìpù sálẹ́ńsà, nǹkan kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ẹ rí. Ẹ kan òòlù mọ́ ọn dáadáa níbẹ̀. Ẹ wo páìpù tín-ín-rín tó ń gbé omi bírékì lọ sẹ́yìn pẹ̀lú. Òun náà irin ni, iyọ̀ náà ń jẹ ẹ́, ọjọ́ tó bá sì bẹ́ lórí òkè, bírékì kò ní mú dáadáa mọ́.

Òòfà wà fún ara bọ́dì. Níbi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ihò, òòfà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ kan wà tí èyí kò bá mu: Ford F-150 láti ti ọdún 2015 síwájú. Álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe bọ́dì rẹ̀, òòfà kò lẹ̀ mọ́ ọn níbikíbi, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń tà á. Irin ṣì ni ṣáásì rẹ̀ o.

Báwo la ṣe ń mọ ọkọ̀ tó ti ti yìnyín rí? Ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú. Ẹ ó rí ihò bóòtù tí kò ní iṣẹ́ kankan mọ́, tàbí irin nípọn tí wọ́n dè mọ́ ṣáásì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbi tí irin ìtìyìnyín ti ń so. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá wáyà nípọn tí wọ́n gé lẹ́bàá bátìrì. Rìwáyà tó bá mọṣẹ́ á sọ fún yín pé kì í ṣe ti ọkọ̀ gan-an. Nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò kékeré lè wà níbi tí bọ́tìnì irin ìtìyìnyín náà wà tẹ́lẹ̀, ihò mìíràn sì lè wà lórí rúùfù, níbi tí iná aláwọ̀ òféèfèé ti ń tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó bóyá imú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ẹrù tó gbé níwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti sọ́ọ̀kì rẹ̀. Síwájú-sẹ́yìn tó ń ṣe ní gbogbo òru ti jẹ jíà rẹ̀. Bí géèjì bá wà fún ọ́ìlì jíà, ẹ fà á yọ: kó pupa, kó mọ́. Bí ó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, iye owó jíà mìíràn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìnájà.

Ibí ni ìwé kíkà yín ti máa sowó. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981 ló ní nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti fígọ̀ tó jẹ́ 17 lápapọ̀. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, níwájú dírẹ́bà; ó tún wà létí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kò ní rí I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kà wọ́n sí 1 tàbí 0. Ẹ ka ti àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. 2 jẹ́ Kánádà. 3 jẹ́ Mẹ́síkò. J jẹ́ Japan. Hilux tí nọ́ńbà rẹ̀ fi AHT bẹ̀rẹ̀, South Africa ni wọ́n ti ṣe é. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ kà á dé ìkẹwàá: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí F fi di 2015. Bí wọ́n bá ní 2012 ni ọkọ̀, tí ẹ sì ka 8 níbi ìkẹwàá, ẹ kò nílò agbẹjọ́rò.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti tò ó kọ́ ni ibi tí wọ́n ti wà á. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á ní Amẹ́ríkà sábà máa ń lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ mọ́ ọn, àwọn tiwa kì í sì í rántí yọ ọ́. Bí ẹ bá ka Buffalo tàbí Detroit níbẹ̀, ẹ padà sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ Houston, iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n omíyalé ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2017. Ẹ fa bẹ́líìtì jáde dé ìdí rẹ̀ kí ẹ wá ẹrẹ̀. Ẹ tún lè fi nọ́ńbà náà san owó lórí fóònù fún Carfax, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n sọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Owó náà kò tó owó táyà tuntun kan.

Nọ́ńbà yẹn kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára ṣáásì, lábẹ́ gíláàsì àti nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, ẹ má sanwó.

Àwọn èèyàn wa gbà pé tòkunbọ̀ ló máa ń dára ju èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà lọ. Fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fún pikọ́ọ̀pù, èmi kò gbà. Hilux tí ẹnìkan ti wà ní Gwagwalada fún ọdún mẹ́jọ, tí ihò ojú ọ̀nà ti ba sọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́, tí àga rẹ̀ ti ya, ṣáásì rẹ̀ sábà máa ń yè ju ti Tacoma tó ń dán láti Michigan. Sọ́ọ̀kì àti àga, ẹ lè tún wọn ṣe lẹ́yìn ìkórè méjì.

Bó bá wá jẹ́ tòkunbọ̀ onípáàrà fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ rà, ẹ má rò pé ooru Àbújá ti pa iyọ̀ náà. Ó wà nínú ihò ṣáásì, òjò oṣù kẹrin ló ń dúró dè. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀, kí wọ́n fi omi alágbára fọ inú ṣáásì láti gbogbo ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn. Ẹ wá ha ìpáàrà kúrò, kí ẹ tó kùn ún. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá, ẹ tún mú òòlù yẹn wọ abẹ́ rẹ̀.