Ta Ló Fọwọ́ Sí Rìsíìtì Ilẹ̀ Bàbá Yín?

Lọ́yà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá wa kú, wọn ò kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́ nílànà ìbílẹ̀. Ìyáálé bí márùn-ún, èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kejì ti ta pùlọ́ọ̀tì méjì lára ilẹ̀ wa lọ́nà UNIOSUN, a ò gbọ́ sí i. Èyí tó dàgbà jù wà ní Èkó, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kejì yìí ní orí-ò-jorí làwọn máa fi pín oko kòkó àti ilé tó kù, pé obìnrin ni mí, kí n gba ohun tí wọ́n bá fún mi. Ṣé kí n kó ọlọ́pàá tì wọ́n?
— Ọmọ Ìyàwó Kékeré

Ẹ fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà wọ́n láyè láti mú ènìyàn lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé tẹ́ṣàn, owó yín ló máa kọ́kọ́ tán níbẹ̀.

Rìsíìtì ni kí ẹ wá rí. Ta ló fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí? Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò tíì pín ogún, ilẹ̀ ẹbí ni. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ti là á mọ́lẹ̀: bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, títà náà dúró títí ẹbí yóò fi lọ sí kóòtù lọ fagi lé e, bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀ rárá, òfo ni. Ẹ̀gbọ́n yín kejì kọ́ ni dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tó ń di olórí ẹbí. Bí ẹ̀gbọ́n yín ti Èkó kò bá fọwọ́ sí i, asán lẹni yẹn rà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sùn. Bí ẹ bá ń wò ó níran tí ó fi kọ́lé dé òrùlé, adájọ́ máa bi yín pé níbo lẹ wà. Ẹ lọ ya fọ́tò ilẹ̀ náà lónìí. Bó bá jẹ́ òkìtì yanrìn kan ló wà níbẹ̀, kí ó hàn. Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà kan ní Iléṣà kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n yín àti ẹni tó rà á, pé ẹbí kò mọ̀ sí i. Lẹ́tà kò wọ́n tó ẹjọ́. Bí agbára kò bá gbé e, ẹ bi Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ bóyá wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́.

Ní ti pípín, ẹ̀gbọ́n yín mọ ìṣirò dáadáa. Orí-ò-jorí, tí wọ́n ń fi iye ọmọ pín, fún yín ní ìdá kan nínú mẹ́fà. Ìdí-igi, tí wọ́n ń fi iye ìyàwó pín, fún yín ní ìdajì. Irú ìjà yìí ni àwọn ọmọ Suberu Dawodu jà l'Ékòó, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí, wọ́n sì gbé e dé Privy Council ní London. Ní 1962 wọ́n dájọ́ níbẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé olórí ẹbí ló lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àbúrò olórí ẹbí o. Ti pé obìnrin ni yín, ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908 ti parí ìyẹn: bí dáwódù bá kú, ọmọ tó dàgbà tẹ̀ lé e ló ń di olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin.

Ẹ tún tú àpótí bàbá yín wò. Bí ìwé ìgbéyàwó kóòtù bá wà níbẹ̀ láàárín wọn àti ìyáálé, ẹ gbé e wá kíákíá, nítorí gbogbo ohun tí mo sọ nípa pípín lè yí padà.

Kí lẹ́tà lọ́yà tó jáde, ẹ wọkọ̀ lọ bá dáwódù ní Èkó. Bí lẹ́tà yẹn bá tẹ ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́, ilé dáwódù ló máa sáré gbà lọ, pẹ̀lú owó àti rìsíìtì tuntun tó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí.