Ẹ̀kọ́ Ìgbà Yìí: Bí Ọwọ́ Bá Ṣèèṣì Tẹ Máòsì Lórí Ìwé Owó Ẹgbẹ́

Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀rẹ̀ ní Malete ní 2009, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí mọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń fi bírò kọ lẹ́jà tẹ́lẹ̀ lè máa kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà báyìí. Ó rọrùn, ó sì yá. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀, àti ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà àti ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí.

Owó tí oníṣòwò dá lóṣù yìí, ẹ̀yáwó tí àgbẹ̀ ti san padà, àti ìpín ìdókòwò olúkúlùkù, inú fáìlì kan ni wọ́n lè wà. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ ibi tí kò yẹ nígbà tí a ń fi fáìlì náà pamọ́, ìwé oṣù kan lè dàwátì. Owó inú báńkì kò sọnù o. Ẹ̀rí ẹni tó ni ín ló sọnù. Ẹni tó ti fi oṣù 10 dáwó kí ó tó tọrọ ẹ̀yáwó, kí ni yóò sọ bí ìwé bá ní oṣù 9 péré ló dá? Ibi tí ẹ̀rí bá ti sọnù ni ìfura ti ń wọlé, ìfura ló sì ń tú ẹgbẹ́ ká.

KÍ NI MÁÒSÌ?

Máòsì ni ohun kékeré tí a ń fi ọwọ́ tì kiri lórí tábìlì láti nawọ́ sí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Douglas Engelbart àti Bill English ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà, ní 1964. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, bọ́tìnnì kan péré ló sì ní. Wáyà tó jáde lára rẹ̀ bí ìrù ló mú kí wọ́n fi orúkọ èkúté pè é. Ìránṣẹ́ ni máòsì. Ibi tí a bá tẹ̀ ló ń jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Kò mọ̀ bóyá a ṣèèṣì ni tàbí a mọ̀ọ́mọ̀.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ ÀṢÌTẸ̀ FI Ń BA ÌWÉ JẸ́, ÀTI ÀTÚNṢE RẸ̀

Èkíní: ìwé tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ká sọ pé akọ̀wé ṣí fáìlì oṣù kẹta nínú Excel, ó pa owó inú rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ ti oṣù kẹrin síbẹ̀. Save As ló fẹ́ tẹ̀, èyí tí í fún fáìlì ní orúkọ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí Save. Oṣù kẹta ti lọ nìyẹn. Oṣù kẹrin ti jókòó sípò rẹ̀, ó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí akọ̀wé má pa fáìlì náà dé o! Kí ó di Ctrl mú, kí ó máa tẹ Z lọ́kọ̀ọ̀kan. Excel yóò máa padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè padà tó ìgbà 100, kódà lẹ́yìn tí a ti tẹ Save. Bí owó oṣù kẹta bá ti yọjú, kí ó fi pamọ́. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pa fáìlì náà dé, ọ̀nà yìí ti dí.

Èkejì: a tẹ orúkọ fáìlì mìíràn. Bí àpótí Save As bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, àwọn fáìlì àtijọ́ máa ń tò sínú rẹ̀. Bí a bá ṣèèṣì tẹ ọ̀kan nínú wọn, orúkọ rẹ̀ yóò bọ́ sí àyè tí orúkọ tuntun yẹ kí ó wà. Bí a bá wá tẹ Save, kọ̀ǹpútà yóò kìlọ̀ pé fáìlì kan ti ń jẹ́ orúkọ yìí, ṣé kí òun fi èyí rọ́pò rẹ̀? Ẹni tó ń kánjú a tẹ Yes. No ni kí a tẹ̀, kí a sì tún orúkọ náà kọ. Bí a bá ti tẹ Yes, Ctrl àti Z kò lè gbà wá, nítorí fáìlì mìíràn ni a bò mọ́lẹ̀. Àwòkọ tí a tọ́jú síbòmíràn ni kí a lọ mú. Bí ẹgbẹ́ bá ń lo OneDrive, kí a fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kí a sì wo Version history. Àwòkọ àtijọ́ lè wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: a kọ̀ láti fi pamọ́. Nígbà tí a bá ń pa Excel dé, ó máa ń bi wá: Save, Don't Save, tàbí Cancel? Bí ọwọ́ bá tẹ Don't Save, iṣẹ́ tí a ṣe láti ìgbà tí a ti fi fáìlì pamọ́ kẹ́yìn ti lọ. Síbẹ̀, bí a kò bá yí ètò Excel padà, a máa tọ́jú àwòkọ ìkọ̀kọ̀ ní ìṣẹ́jú 10-10. Kí a tún fáìlì náà ṣí, kí a tẹ File, kí a tẹ Info, kí a sì wo Manage Workbook. Bí ó bá jẹ́ fáìlì tí a kò tíì fún lórúkọ rí, ibẹ̀ náà ni Recover Unsaved Workbooks wà. Ọjọ́ 4 ni irú àwòkọ bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Nítorí náà, kí a má fi dọ́la.

ỌWỌ́ NI, ÀBÍ MÁÒSÌ?

Kí a tó dá akọ̀wé lẹ́bi, kí a yẹ ẹ̀rọ wò. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lábẹ́ bọ́tìnnì máòsì tó ń tẹ̀ tó sì ń ta padà. Bí ó bá ti gbó, a óò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ tẹ fódà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ fi máòsì mìíràn dán an wò. Bí ti kejì kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, máòsì àkọ́kọ́ ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Iye rẹ̀ kò tó ìyà tí ìwé tó sọnù yóò fi jẹ wá.

Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, àtẹ́lẹwọ́ lè kan touchpad, ibi pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka nù, nígbà tí a bá ń tẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà yóò rò pé a tẹ̀ ẹ́ ni. Nínú ètò Windows, a lè sọ fún touchpad pé kí ó sùn nígbà tí máòsì bá wà lára kọ̀ǹpútà.

ÌṢỌ́RA TÍ KÒ NÁNI LÓWÓ

1. Kí a kọ́kọ́ fún fáìlì oṣù tuntun lórúkọ kí a tó kọ owó kankan sínú rẹ̀. Kí ọdún àti oṣù wà nínú orúkọ náà.
2. Kí a máa fi Ctrl àti S fi iṣẹ́ pamọ́, dípò máòsì.
3. Bí oṣù bá parí, kí a ti fáìlì rẹ̀ mọ́ ibi Read-only nínú Properties. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì yí i padà, Excel kò ní gbà á lórúkọ yẹn.
4. Kí àwòkọ kan wà lórí fùláàṣì lọ́wọ́ akápò, kí ó má jẹ́ inú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.
5. Kí a tẹ ìwé oṣù kọ̀ọ̀kan jáde, kí akọ̀wé àti akápò fọwọ́ sí i. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì tọ́jú páàsìbùkù rẹ̀, nítorí máòsì kò lè pa bírò rẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Bí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa bá bàjẹ́ lónìí, níbo ni a ti máa rí ìwé oṣù tó kọjá?
2. Ta ló ní àwòkọ lọ́wọ́, ìgbà wo la sì ṣí i wò kẹ́yìn?
3. Ṣé iye tó wà nínú páàsìbùkù rẹ bá ti inú kọ̀ǹpútà mu?

Ẹgbẹ́ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìbojú wẹ̀yìn, kò ní sùn láìjẹun nítorí àṣìtẹ̀ ọwọ́ kan. Èyí tí kò bá lè dáhùn, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹta: kí olúkúlùkù mú páàsìbùkù wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.