Rélùwéè àti Òkè-Ògùn: Ọ̀nà Irin Tí Kò Yà Sọ́dọ̀ Wa

Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ní òpin 1900, irin ti dé Ìbàdàn. Ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ní 1912 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti Barò sí Kánò, tí gbogbo rẹ̀ di Rélùwéè Nàìjíríà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ wa. Ìhà ìlà-oòrùn ni irin gbà. Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti Ṣakí wà ní ìwọ̀-oòrùn. Odò Ọya àti Òkè Ọya ni òyìnbó ń lé, kì í ṣe iṣu àti ọkà bàbà wa. Bí àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń kọ́ ilé ìtajà sí Òṣogbo, orí ni a fi ń ru ẹrù tiwa títí mọ́tò fi dé.

Síbẹ̀, òfì Ìsẹ́yìn kò dákẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀lẹ ló dá Òkè-Ògùn dúró. Ẹni tí ọkọ̀ kò gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn; ìrìn ẹsẹ̀ náà sì yẹ ní kíkọ sínú ìtàn.