Ìwòsàn Ha Ni Gbogbo Rẹ̀?

Òǹkàròyìn kan sọ lórí rédíò láìpẹ́ yìí pé ìjọba ti tún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ṣe, "kí àwọn ará ìgbèríko lè máa rí ìtọ́jú alábọ́dé gbà." Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù tipẹ́ nìyẹn: ilé alábọ́dé ti bí ìtọ́jú alábọ́dé. Ìyá wo ló fẹ́ gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ síbi tí ìtọ́jú kò ti dára jù, tí kò sì burú jù?

Iṣu kì í jẹ́ alábọ́dé àfi tí ńlá bá wà lókè rẹ̀, tí kékeré sì wà nísàlẹ̀. Kí ló wà nísàlẹ̀ ìpele tí ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù wà? Kò sí. Lórí rẹ̀ ni ọsibítù jẹ́nẹ́rà ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà, lẹ́yìn náà irú ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, jẹ́nẹ́rà ni alábọ́dé. A kò ṣe irú àṣìṣe yìí sí ilé ẹ̀kọ́. Ti ìpele àkọ́kọ́ níbẹ̀, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ là ń pè é.

Ṣùgbọ́n "ìwòsàn" ló dùn mí jù. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Alma-Ata ní Kazakhstan, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, wọ́n ka ohun mẹ́jọ tí ètò ìlera tí a ń pè ní alábọ́dé yìí kò gbọdọ̀ ṣaláìní: ẹ̀kọ́ nípa àìsàn tó wọ́pọ̀, oúnjẹ tó ṣara lóore, omi mímọ́ àti ìmọ́tótó, àbójútó ìyá àti ọmọ pẹ̀lú ìfètòsọ́mọbíbí, àjẹsára, dídènà àrùn tó ń jà ládùúgbò, ìwòsàn àìsàn àti ọgbẹ́ tó wọ́pọ̀, oògùn tó ṣe kókó. Ọ̀kan péré ni ìwòsàn níbẹ̀, oògùn sì tẹ̀ lé e. Mẹ́fà yòókù ń jà kí àìsàn má tilẹ̀ wọlé. Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, mọ èyí dájú. Àjẹsára ló tẹnu mọ́, àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá fúnra rẹ̀ lè pò nílé fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni "wò" tó wà nínú ìwòsàn. A kò fi mọ sọ́dọ̀ aláìsàn rí. A ń wo ọmọ fún ẹni tó lọ ọjà, a ń lọ wo ìyá ìkókó. Láyé ìjọba amúnisìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ń wọ agboolé, tí wọ́n ń ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, aráàlú kò dúró de olùkọ́ èdè kankan kí wọ́n tó sọ wọ́n ní wolé-wolé. Orúkọ yẹn péye títí dòní. Wolé-wolé kì í wo ẹnikẹ́ni sàn; ilé ló ń wò, àmù ló ń wò, kòtò ìdọ̀tí ló ń wò, kí ó má baà di pé à ń wá ẹni tí yóò wò wá sàn. Ẹ tún yẹ "tọ́jú" àti "bójú tó" wò: ojú ló wà nínú méjèèjì, kò sí oògùn níbẹ̀.

Òmíràn tí mi ò lè gbé mì ni "ìjọba yóò fún aráàlú ní ìlera." Ọlọ́run là ń tọrọ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkéde tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata pàápàá sọ pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe aráàlú ni láti lọ́wọ́ sí ètò ìlera wọn, láti ìgbà tí a bá ti ń gbìmọ̀ rẹ̀.

Ní ti alábọ́dé, mo gbà pé ó ti borí. Ó ti wà lára pátákó, ó ti wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì àti lẹ́nu ìyá ọlọ́mọ, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lẹ́nu wọn mọ́. Ìwòsàn ni mi ò ní gbà. Aboyún tó lọ yẹ ara wò kò ṣàìsàn, ọmọ tó lọ gba àjẹsára kò ṣàìsàn. Ẹ̀yin òǹkàròyìn, ẹ jọ̀wọ́, bí alábọ́dé bá máa dúró dandan, ẹ máa pè é ní ilé ìlera alábọ́dé.