Ìwé Pip àti Sinimá Rẹ̀

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìtàn kan ni a óò gbé yẹ̀ wò. A kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni a fi ṣe sinimá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìwé sọ tí sinimá kò sọ, àti ohun tí sinimá fi hàn wá tí ìwé kò lè fi hàn bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ìwé náà ni Great Expectations. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn ń retí ohun ńlá tí yóò tẹ òun lọ́wọ́. Charles Dickens, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1860 títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń tẹ díẹ̀díẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀. Dickens mọ ìyà dáadáa. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 12, wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́lé nítorí gbèsè, òun náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe pólíìṣì bàtà.

Ìtàn náà nìyí. Ọmọ òrukàn ni Pip. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó fi ẹgba tọ́ ọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni Joe, alágbẹ̀dẹ, ènìyàn jẹ́jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Pip wà ní ibi tí wọ́n sin àwọn òbí rẹ̀ sí. Ẹlẹ́wọ̀n kan tó sá jáde, tí ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, gbá a mú, ó ní kí ó lọ jí oúnjẹ wá fún òun. Ọmọ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Miss Havisham, ní kí wọ́n máa mú Pip wá sílé òun. Ọkọ àfẹ́sọ́nà obìnrin yìí já a sílẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an. Láti ọjọ́ náà, kò bọ́ aṣọ ìyàwó lọ́rùn mọ́. Ó dá gbogbo aago ilé dúró, ó sì jẹ́ kí àkàrà òyìnbó ìgbéyàwó máa jẹrà lórí tábìlì. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Estella. Ó fi ọwọ́ Pip tó le àti bàtà rẹ̀ tó nípọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìtìjú ilé ṣe wọ inú ọmọ náà nìyẹn. Nígbà tí lọ́yà wá sọ pé ẹnìkan fẹ́ fi owó sọ Pip di ènìyàn pàtàkì ní Lọ́ńdọ̀n, ó rò pé Miss Havisham ni. Kì í ṣe òun. Ẹlẹ́wọ̀n ọjọ́sí ni! Ọsirélíà ni ó ti fi àgùntàn sínsìn rówó.

David Lean ni ó fi ìwé yìí ṣe sinimá ní ọdún 1946. Orí 59 ni ìwé náà ní, sinimá kò sì ju bíi wákàtí méjì lọ. Ẹni tó fẹ́ kó ẹrù ilé ńlá sínú yàrá kan, ó di dandan kó fi nǹkan sílẹ̀ síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, tí Túndé Kèlání sì fi ṣe sinimá ní ọdún 1997. Ẹni tó ka ìwé náà kó tó wo sinimá yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n.

Ìbẹ̀rẹ̀ sinimá Pip dára púpọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, igi ń ké, ọmọ náà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó yíjú padà pé kí òun sá lọ, ó kàn kọlu ọkùnrin gìrìwò kan. Bí o kò bá múra, wàá fò sókè lórí ìjókòó. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé kí ẹlẹ́wọ̀n tó dé. Pip kò rí àwọn òbí rẹ̀ rí, kò sì sí àwòrán wọn. Ó ń wo ìrísí lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì, ó sì ti ibẹ̀ mọ̀, bó ṣe rò, pé bàbá òun sanra, ó dúdú, irun rẹ̀ sì lọ́. Inú orí ọmọ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kò lè dé ibẹ̀.

Ibi tó jọ mí lójú jù nínú ìwé ni ọ̀rọ̀ Joe. Bàbá rẹ̀ ọ̀mùtí kò jẹ́ kó lọ sílé ìwé. Nígbà tí Pip kékeré kọ lẹ́tà fún un sórí síléètì, J àti O nìkan ni Joe dá mọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn! Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àìsàn dá Pip dùbúlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, Joe ló wá tọ́jú rẹ̀. Pip la ojú, ó rí i tí Joe ká apá aṣọ sókè bí ẹni fẹ́ lu irin, tí yíǹkì ń ta sílẹ̀. Lẹ́tà ni Joe ń kọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Biddy ni ó ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ tó mọ ọkọ́ di gègé mú, ẹ kò nílò àlàyé.

Ṣáájú èyí, Joe ti wá kí Pip ní Lọ́ńdọ̀n rí, Pip sì tijú rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò fi fìlà sí, fìlà náà ṣáà ń já bọ́. Sinimá ṣe ibí yìí dáadáa. A ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà di kíkorò lẹ́nu wa. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé kan tí ọmọ tí bàbá fi oko rán níwèé ti ń tijú bàbá náà lójú àwọn ọ̀rẹ́?

Àwọn ohun tí sinimá yí padà wà. Ọkùnrin burúkú kan, Orlick, tó fi irin fọ́ ìyàwó Joe lórí, kò sí nínú sinimá rárá. N kò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Miss Havisham dùn mí. Nínú ìwé, ó bẹ Pip pé bí ó bá lè ṣe é nígbà kan, kó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ òun pé ó ti dárí jì í. Iná jó o ní ọjọ́ náà, kò sì kú lójú ẹsẹ̀. Nínú sinimá, iná náà yára parí ọ̀rọ̀.

Ìparí wá ńkọ́? Ìparí méjì ni Dickens fúnra rẹ̀ kọ. Nínú ti àkọ́kọ́, Pip àti Estella pàdé, wọ́n sì pínyà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òǹkọ̀wé bíi tirẹ̀, ní kó yí i padà. Ó wá kọ ọ́ pé Estella ti fẹ́ ọkọ, ọkọ náà fi ìyà jẹ ẹ́, ó sì kú. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ni òun àti Pip tún pàdé níbi tí ilé náà ti wó. Sinimá kò dúró de ọdún mọ́kànlá. Estella kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó nínú òkùnkùn bíi Miss Havisham, Pip sì fa aṣọ ojú fèrèsé ya, oòrùn wọlé, wọ́n jáde lọ.

Bí ẹ bá ń jiyàn lórí èyí ní kíláàsì, kò burú. Ẹlòmíràn á ní ti sinimá tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹlòmíràn á ní ìyà ni ó kọ́ Estella lọ́gbọ́n, kí sinimá má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn ti ìwé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn oòrùn yẹn.

Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí sínú ìwé yín:

1. Kí ni Pip rí nínú lẹ́tà ara òkúta?
2. Bí ẹ bá rí sinimá náà wò, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi Joe hàn níbi tó ti ń kọ̀wé. Bí wọn kò bá fi hàn, kí ni ó sọnù?
3. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú tí Joe lè kọ sí Biddy nípa àìsàn Pip. Kí ó má ju ìlà mẹ́fà lọ.