Ọmọ Mi, Ọ̀gá Ni Kí O Kọ́kọ́ Wá

Ọmọ mi, ìyá rẹ ní o ti parí ìdánwò JSS 3, o sì fẹ́ wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe kí ọlidé gbọọrọ yìí tó tán. Ó ní owó fóònù lò ń wá. Kò burú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ kí o tó jáde, nítorí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ní ọdún 1974, ọmọ ọdún 14 ni mí. Télọ̀ kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ló gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀gá yìí mọ aṣọ í rán dójú ẹ̀, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Bó bá ti ń fi téèpù wọn oníbàárà, tó ń pe iye íǹṣì, èmi ni mò ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tó bá di Sátidé, á fún mi ní 50 kọ́bọ̀, owó bébà ni nígbà yẹn. Náírà ò tíì lo ọdún méjì, sílè márùn-ún làwọn ìyá wa ṣì ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá ń wọn bàbá kan tó fẹ́ rán ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn. Ó dé apá, ó ní, "Mẹ́rìnlélógún." Ojú mi wà níta, níbi táwọn ẹgbẹ́ mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mẹ́rìndínlógún letí mi gbọ́, 16 ni mo sì kọ. Ohun tó wà nínú ìwé ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àgbà fi gé aṣọ. Ìgbà tí bàbá náà padà wá wọ̀ ọ́ wò, díẹ̀ ni apá ṣẹ́ẹ̀tì fi kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀gá yíjú sí ẹni tó gé aṣọ, ó ti fẹ́ la ẹnu. Àyà mi ń lù kìkì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, sà, èmi ni mo kọ ọ́ lódì."

Ọ̀gá ò nà mí. Ó bẹ oníbàárà, ó lọ sí ọjà Gbági lọ ra irú aṣọ náà, owó ara rẹ̀ ló sì fi rà á. Lọ́jọ́ kejì, mo rò pé yóò gba ìwé ìwọ̀n lọ́wọ́ mi. Ó nà án sí mi, ó ní, "Láti òní lọ, bí mo bá pè é, kọ ọ́. Bí o bá kọ ọ́ tán, kà á sí mi létí." Títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, n kò buwọ́ lu ìwé kan láì kọ́kọ́ kà á sókè.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀gá ni kí o kọ́kọ́ wá, kí o tó wá owó. Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù kan, fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ṣàṣìṣe sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń lu ọmọ nítorí àṣìṣe, irọ́ ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: ìyá tó ń ta ọjà ní ìkòríta, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tàìpù tí wọ́n sì ń ṣe fọtokópì, òbí tó ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé. Àárọ̀ ni kí o lọ, kí èrò tó pọ̀. Kí wọn bí a ṣe kọ́ ọ nílé. Sọ ọjọ́ orí rẹ, ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, àti ọjọ́ tí ilé ìwé yóò wọlé. Béèrè ìgbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó ń parí, iye tí wọn yóò san àti ọjọ́ tí wọn yóò san án. Jẹ́ kí ìyá rẹ fúnra rẹ̀ fà ọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà ka ẹrù wúwo tó lè ba ìdàgbàsókè ọmọ jẹ́ léèwọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fowó ńlá pè ọ́ wá ru sìmẹ́ńtì, dúpẹ́, kí o kọjá lọ. Ẹni tó bá sì ní kí o kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù lórí fóònù kí o tó ríṣẹ́, gbájúẹ̀ ni, sá fún un.

Fóònù á dé, ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kó dé. Ìwé pélébé kan ni kí o kọ́kọ́ rà. Ohun tí ọ̀gá bá rán ọ, kọ ọ́ síbẹ̀, kí o kà á sí i létí. Bí o bá sì ṣì í kọ, má jẹ́ kí ẹlòmíì jìyà rẹ̀. Orí rẹ á bá ọ ṣe é.