Ta Ló Ní Àṣẹ Lórí Ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wà?

Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa kọjá ní sáà tó kọjá, ẹ ó ti rí àmì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára àwọn ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fún àwọn tó ni wọ́n láti kúrò. Ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́wà tí púpọ̀ nínú wa ń jẹ àwìn lọ́dọ̀ rẹ̀ wà lára wọn. Àwa mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì kánsù pé ta ló pàṣẹ. Wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni. A dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí a padà sí kánsù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹni tó ní àṣẹ lórí ọjà, títì àti ilé nínú ìlú, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn nígbà tí àṣẹ bá jáde.

Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1928, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Lagos Executive Development Board, pé kí ó máa tún ìlú ṣe: kí ó wó ilé tí kò dára, kí ó la títì, kí ó pín ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì. Ẹ fi ọkàn sí èyí o: ìjọba ló ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yìí. Kánsù ìlú wà lọ́tọ̀. Ní 1950 pàápàá, ará Èkó dìbò yan kánsù, Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe sì di méyọ̀. Ní 1953 wọ́n tú kánsù náà ká, láti ìgbà náà kò sì sí ẹlòmíràn tó jẹ oyè méyọ̀ ní Èkó.

Ní 1955 ni ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 70. Òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn aláṣẹ kò sì fẹ́ kí àlejò wá bá olú-ìlú bí ó ti rí. A kò ní purọ́, àwọn ilé náà há gádígádí lóòótọ́, omi ìdọ̀tí sì ń ṣàn láàrin wọn. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, ní ìlà-ìlà, wọ́n ní kí ará ibẹ̀ kó lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí ohun tí àwọn tó ya àwòrán ìlú kò rí. Ní Erékùṣù, obìnrin a gbé igbá ọjà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, oníbàárà a wá bá a níbẹ̀. Télọ̀ a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Sùúrùlérè, oníbàárà di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá òwò rẹ̀ lọ ní Erékùṣù yóò wọ ọkọ̀ lọ, yóò wọ ọkọ̀ bọ̀, owó ọkọ̀ a sì jẹ èrè tán. Ọ̀pọ̀ tí kì í san owó ilé rárá nínú ilé ẹbí wá ń san án lóṣooṣù. Ìjọba dín in kù fún wọn, ṣùgbọ́n owó náà ni. Ìyá àgbà tí ọmọ àti àbúrò ń yà kí lójoojúmọ́, tí eléyìí ń fún ní kọ́bọ̀, tí tọ̀hún ń bu oúnjẹ fún, wá di ẹni tí ojú ń pọ́n nítorí ẹbí ti fọ́n ká. Wọ́n san owó gbà-má-bìínú lórí ilé ẹbí, àmọ́ bí ogúnlọ́gọ̀ ajogún bá pín in, kí ló kù tí ẹnì kan lè fi kọ́lé? Wọ́n ní onílé lè ra ilẹ̀ rẹ̀ padà. Irú ilé tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ó kọ́ sórí rẹ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ kò ká.

Lójú tiwa, títún ìlú ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ilé tí ènìyàn àti eku jọ ń gbé kò yẹ ní fífi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn wá ni pé àwọn tó jókòó pinnu kò wá ìbò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣí nípò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí gọ́tà wa. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala keje, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kánsù kò ju kí ó máa lé ọlọ́mọlanke kiri lọ, kí ó ka Àfikún Kẹrin òfin náà. Ọjà, gárééjì, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, títì, iná títì, gọ́tà, itẹ́ òkú, orúkọ àdúgbò, nọ́ńbà ilé, àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìsọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ náà wà níbẹ̀! Ṣùgbọ́n ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ètò bí ìlú yóò ṣe rí, ibi tí ilé yóò wà àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ sí, ti ìpínlẹ̀ ni. Nítorí náà, àwọn ọ́fíìsì méjèèjì tó ń tì wá síra wọn, òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa.

Ti owó ńkọ́? Ọjọ́ pẹ́ tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gba inú àpò kan náà pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ gómìnà sì ń fi alága fìdíhẹ sípò dípò kí wọ́n dìbò. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí wọ́n máa san owó náà tààrà fún kánsù, pé alága tí a kò dìbò yàn kò bá òfin mu. Kánsù tí gómìnà bá lè lé lọ lówùúrọ̀, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ìyá ẹlẹ́wà níbẹ̀?

A ti kọ lẹ́tà sí kánsù. A tọ́ka sí Àfikún Kẹrin, a ní kí wọ́n fi ibòmíràn han àwọn ìyá náà kí wọ́n tó wó ohunkóhun. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiwa, ó ní kí a padà wá ní ọjọ́ tí àwọn káńsẹ́lọ̀ bá jókòó. Ìyá ẹlẹ́wà ṣì ń tà ní tiẹ̀. Ó kàn ti sún bẹ́ǹṣì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lórí gọ́tà.